Nessmuk, Kephart àbí Bowie: èwo nínú ọ̀bẹ olórúkọ mẹ́ta yìí ló yẹ kí ẹ rà?

Nínú àwọn ọ̀bẹ igbó tí wọ́n ń tà lónìí, mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ èèyàn jù: Nessmuk, Kephart àti Bowie. Orúkọ náà ló ń ta ọjà. Ẹni tó fẹ́ rà á á wo àwòrán, á rí i pé ọ̀kan ní iké lẹ́yìn, èkejì ṣe ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, ẹ̀kẹta gùn bí àdá, á sì mú èyí tó wu ojú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀bẹ á fi wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ, nítorí kò gé àlùbọ́sà dáadáa, kò gbẹ́ igi dáadáa, ó kàn ń wúwo níbàdí ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kí ni ẹni tó ni orúkọ yẹn ń fi ọ̀bẹ tirẹ̀ ṣe, irin wo ló sì tún wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀bẹ? Àwọn èèyàn náà, tàbí ẹbí wọn, kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sì jìnnà sí ohun tó ń jẹ́ orúkọ wọn lọ́jà nísinsìnyí.

| | Nessmuk | Kephart | Bowie |
|---|---|---|---|
| Gígùn irin | 10–13 cm | 10–12 cm | 20–30 cm |
| Bí ẹ̀yìn ṣe yẹ kó nípọn tó | 2.5–3 mm | 3–3.2 mm | 5–6 mm |
| Ìrísí | iké lẹ́yìn, ojú yọ ikùn níwájú | ẹ̀yìn tọ́, ṣóńṣó wà láàárín | wọ́n gé ẹ̀yìn wọlé níwájú, orí rẹ̀ mú |
| Iṣẹ́ tó mọ̀ jù | bíbó awọ, gígé ẹran | gbígbẹ́ igi, oúnjẹ, iṣẹ́ gbogbo | gígé ẹ̀ka. Fún àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ |
| Ohun tó yẹ kó bá a rìn | àáké | àáké kékeré bí igi bá nípọn | ọ̀bẹ kékeré kan |

Nessmuk: ọ̀bẹ ẹni tó ní àáké

George Washington Sears ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Wọ́n bí i ní Massachusetts ní 1821, ó gbé ní Wellsboro ní Pennsylvania, ó sì kú ní 1890. Nessmuk ni orúkọ tó fi ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Forest and Stream. Ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó kọ́ ọ ní ọ̀nà igbó nígbà tó wà ní kékeré ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èèyàn kúkúrú, tín-ín-rín ni Sears, kò wọ̀n ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 48 lọ. Ní 1883 ó wa ọkọ̀ kékeré kan la àwọn adágún Adirondack kọjá, ọkọ̀ tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ kò pé kìlógíráàmù 5. Ẹni tó ń ka gíráàmù báyìí kò ní gbé ọ̀bẹ tó wúwo.

Irin mẹ́ta ló ń gbé: àáké kékeré olójú méjì, ọ̀bẹ inú àkọ̀, àti ọ̀bẹ kékeré tó ń ká sínú èèkù. Ojú kan àáké náà nípọn fún egungun àti kókó igi, ojú kejì tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú ìwé tó kọ ní 1884, ó bẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀bẹ ọdẹ tí wọ́n ń tà nígbà ayé rẹ̀, Bowie pàápàá, pé wọ́n nípọn, wọn kò wúlò, wọ́n kàn ń dẹ́rù bani lójú ni. Ó ní tòun tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dára fún bíbó awọ, gígé ẹran àti jíjẹun.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn kí ẹ tó wo Nessmuk òde òní. Púpọ̀ nínú wọn nípọn tó mìlímítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iké wà ńbẹ̀, orúkọ wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n títẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ní ti iṣẹ́ iké yẹn: ó ń mú kí irin fẹ̀ níwájú. Irin tó fẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì yọ ikùn, máa ń rìn lábẹ́ awọ ẹran láì dá awọ lu, nítorí ikùn ló ń gé, ṣóńṣó kò kan ẹran. Ẹni tó ń bó awọ àgbọ̀nrín lè fi iké náà ti awọ kúrò lára ẹran níbi tí kò gba ojú ọ̀bẹ. Ó tún dára fún fífi bọ́tà pa búrẹ́dì àti yíyí ẹran nínú páànù, ohun tó jọ kékeré títí dìgbà tí ẹ bá wà nínú igbó pẹ̀lú ọ̀bẹ kan ṣoṣo.

Àléébù rẹ̀ mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, ṣóńṣó rẹ̀ ga ju ìlà èèkù lọ, ó sì fẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í yí ihò sára igi, ọwọ́ yóò máa yẹ̀. Èkejì, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ láti gbẹ́ igi ní kékeré-kékeré, iké náà á bọ́ sí ibi tí àtàǹpàkò fẹ́ dúró sí. Ẹ̀kẹta ni àkọ̀: ẹnu àkọ̀ gbọ́dọ̀ gba iké kọjá, nítorí náà ó máa ń fẹ̀ ju ọrùn ọ̀bẹ lọ, ọ̀bẹ á sì máa mì lọ́sàn-án lóru. Ẹ gbé àkọ̀ dojú dé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ mì í lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọ̀bẹ bá yọ, ẹ má rà á láì jẹ́ pé okùn tàbí bọ́tìnì wà tó ń dì í mú.

Kephart: èyí tí alágbẹ̀dẹ oko rọ

Horace Kephart, tí wọ́n bí ní 1862, jẹ́ olórí ilé-ìkàwé ní St. Louis kó tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní 1904, tó lọ ń gbé láàárín àwọn òkè Smoky ní ìwọ̀ oòrùn North Carolina. Ó wà lára àwọn tó jà kí ibẹ̀ di ọgbà ìjọba, ìyẹn Great Smoky Mountains National Park tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1934, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣàlàyé ọ̀bẹ rẹ̀ kínníkínní tó o, ìdí nìyẹn tá a fi ń gbé tirẹ̀ síwájú.

Irin rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4½, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 11.4; èèkù náà gùn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Irin fẹ̀ ní íǹṣì 1, ó sì nípọn ní ⅛ íǹṣì lẹ́yìn, nǹkan bíi mìlímítà 3.2. Irin la inú èèkù já, wọ́n sì kan ìṣó mọ́ ọn. Èèkù jẹ́ igi fúyẹ́ tó le, rìbìtì bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀, kò ní igun kankan tí yóò bó ọwọ́. Ó nípọn ní mìlímítà 19 nídìí, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ wá sí 13 níwájú kó lè wọ àkọ̀ kó sì há. Kókó kékeré kan, bíi mìlímítà 6, wà lẹ́yìn ojú ọ̀bẹ tí kò jẹ́ kí ìka yọ̀ lọ síwájú. Kò sí èyíkéyìí lókè, nítorí ó ní yóò kàn máa dí òun lọ́wọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ wọ̀n ní ounce 4, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 113. Alágbẹ̀dẹ oko kan ló rọ ọ́, Kephart sì sọ pé ó burẹ́wà. Lẹ́yìn náà ni Colclesser Brothers ti Eldorado, Pennsylvania, wá ń tà á fún aráyé.

Ohun kan wà nínú àlàyé rẹ̀ tí àwọn tó ń rà kì í kà sí. Ó ní wọ́n fún irin náà ní líle tó mọ níwọ̀n: ó le tó láti gé igi líle tó ṣì tútù, ṣùgbọ́n bó bá kan egungun tàbí kókó igi, kí ojú rẹ̀ tẹ̀, kó má fọ́. Ojú tó tẹ̀, òkúta ìpọ́nbẹ á tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ojú tó fọ́ gba wákàtí kan, ó sì ń jẹ irin. Lórí ìwọ̀n Rockwell tí àwọn oníṣẹ́ irin fi ń wọn líle irin lónìí, bíi 56 sí 58 lẹ máa rí ìwà yẹn nínú irin kábónù lásán bíi 1095. Bí olùtajà bá ń fi 62 yangàn fún ọ̀bẹ igbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ bèèrè irú irin tó jẹ́ kí ẹ tó gbà.

Ìrísí Kephart kò fani mọ́ra: ẹ̀yìn tọ́ gbọnrangandan, ojú tọ́ títí dé ibi tó kù díẹ̀ kó parí, ṣóńṣó wà láàárín méjèèjì. Ìwà títọ́ yẹn ni agbára rẹ̀. Ojú tó tọ́ ló ń fá igi di irun wẹ́wẹ́ tí iná á tètè ràn. Ṣóńṣó àárín ló ń yí ihò láì yẹ̀. Àtàǹpàkò rí ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ̀ níbi gbogbo. Àkọ̀ rẹ̀ rọrùn láti rán, ó sì ń há mọ́ ọn. Bíbó awọ nìkan ló ti rẹlẹ̀ sí Nessmuk, nítorí kò yọ ikùn tó. Ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ó máa ṣọ́ ṣóńṣó rẹ̀ kó má dá awọ lu.

Ewu kan wà níbẹ̀. Nítorí pé kò ní irin ìdábùú níwájú èèkù, bí ọwọ́ bá tutù tàbí tí ọ̀rá ẹran bá wà lára rẹ̀, ìka lè yọ́ lọ sórí ojú ọ̀bẹ bí ẹ bá gún nǹkan líle. Kephart òde òní míì ti pa kókó kékeré ìdí ojú ọ̀bẹ yẹn rẹ́ pátápátá. Ẹ wá èyí tó ṣì ní in.

Bowie: ọ̀bẹ ìjà

Ní 19 Oṣù Kẹsàn-án 1827, ìjà àwọn ọlọ́lá méjì di rògbòdìyàn lórí iyanrìn etí odò Mississippi, nítòsí Natchez. Ìbọn ba Jim Bowie, ẹni tí ọ̀bẹ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n gún un, òun náà sì fi ọ̀bẹ ńlá kan pa Norris Wright, ọ̀tá rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Nígbà tí ó kú sójú ogun ní odi Alamo ní Texas ní 6 Oṣù Kẹta 1836, òkìkí ọ̀bẹ ti ju ti ẹni lọ, àwọn alágbẹ̀dẹ Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń kó o ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1837 ìjọba Alabama gbé owó orí $100 lé títa ẹyọ kan rẹ̀; lọ́dún tó tẹ̀ lé e Tennessee fòfin de títà rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn olùtajà kì í kọ sára páálí, tó sì yẹ kí àwa tá a jẹ́ ọmọ Áfíríkà mọ̀. Kó tó di akọni ìtàn, Jim Bowie àtàwọn arákùnrin rẹ̀ ra àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́wọ́ olè orí omi Jean Lafitte ní Galveston, wọ́n kó wọn wọ Louisiana, wọ́n sì tà wọ́n. Arákùnrin rẹ̀, John, kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pé wọ́n jèrè $65,000. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ yìí níbàdí rẹ̀, kó mọ ẹni tó ni ín.

Ní ti irin náà: Rezin, ẹ̀gbọ́n Jim, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ní 1838 pé òun lòun ṣe àkọ́kọ́, pé fún ọdẹ ni, pé irin rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 9¼ ní gígùn àti 1½ ní fífẹ̀, ojú kan, àti pé kò tẹ̀. Ọ̀bẹ alápatà ló jọ nígbà náà. Orí tí wọ́n gé wọlé àti irin ìdábùú ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn lónìí, iṣẹ́ àwọn tó rọ ọ́ lẹ́yìn náà ni.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ fún iṣẹ́, ẹ gbọ́ ibi tó ti ń jáni kulẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ wà níwájú, torí náà ó máa ń rẹ ọrùn ọwọ́ nínú iṣẹ́ kékeré. Irin ìdábùú kì í jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ dé orí pákó tí ẹ ń gé ẹ̀fọ́ lé. Bí wọ́n bá pọ́n ibi tí wọ́n gé wọlé lẹ́yìn yẹn kó mú, ẹ kò lè fi kùmọ̀ lu ẹ̀yìn rẹ̀ láti la igi, ó máa jẹ kùmọ̀ yín tán ni. Gígé ẹ̀ka ló fi ju àwọn méjì yòókù lọ, àdá lásán tó gùn ní íǹṣì 18 sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn jù ú lọ pẹ̀lú owó tí kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Ẹni tó ní àdá nílé kò nílò Bowie fún igi rárá.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó nípọn jù

Àwọn mìlímítà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Ọ̀bẹ tó bá nípọn kì í gé nǹkan líle, ńṣe ló ń là á. Ẹ mú iṣu tútù, kí ẹ gé e ní ìbú. Bí ègé bá jábọ́ wọ̀ọ́ wọ̀ọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ "kà", tí iṣu sì là kí ọ̀bẹ tó dé ìsàlẹ̀, irin nípọn jù lẹ́yìn ojú rẹ̀, pípọ́n kò lè wò ó sàn. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n kálípà, ẹ wọn ibi tó wà lókè ojú gan-an, níbi tí pípọ́n ti bẹ̀rẹ̀: bíi mìlímítà 0.5 dára fún igbó. Bó bá ti tó 1, ẹ fi í sílẹ̀. Ìnípọn ẹ̀yìn nìkan kò tó láti dájọ́, torí bí wọ́n bá fá irin láti ẹ̀yìn dé ojú láì dúró, ọ̀bẹ tó nípọn ní 3.2 lókè lè tẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa nísàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dì í mú, ẹ fi gbogbo agbára fún èèkù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ wò. Ibi tó bá pọ́n ni yóò bó lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀: bí àwọ̀ búlúù bá wà níbẹ̀, iná ẹ̀rọ ìfárin ti ba líle rẹ̀ jẹ́, kò ní mú pẹ́. Ẹ wo igun ẹ̀yìn rẹ̀ náà: bó bá jẹ́ igun mẹ́rin tó mú, ó lè ha ọ̀pá ferro (ọ̀pá irin tí wọ́n ń ha láti fi dáná) kó tanná, bí wọ́n bá ti yí i rọ́bọ́tọ́, kò ní ha á.

Èwo, fún ta ni?

Ẹni tó ń lọ sùn nínú igbó, tó ń dáná, tó ń se oúnjẹ, tó sì fẹ́ ọ̀bẹ kan ṣoṣo: Kephart, tó nípọn ní 3.2, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ tó ń bó ẹran tí àáké sì wà nínú ẹrù rẹ̀: Nessmuk, ó sì sàn kó dúró de èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju kó ra èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń kó ohun ìtàn jọ: Bowie, kó wá ti Sheffield àtijọ́, kó sì mọ̀ pé ayédèrú pọ̀.

Ẹni tí kò tíì ní ọ̀bẹ igbó rí, ẹ jẹ́ kó fi orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ná, kó ra Companion ti Mora, ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe ọ̀bẹ ní ìlú Mora ní Sweden láti 1891. Irin rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, ó nípọn ní mìlímítà 2.5, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti Kephart tó dáa. Irin kò la èèkù já, torí náà kí ó má fi la igi ńlá. Lẹ́yìn ọdún kan, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ èyí tó kàn fún un.

Fún lílà igi pẹ̀lú Kephart: igi tó gbẹ, tó tọ́, tí kò ní kókó, tí ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, kí ṣóńṣó ọ̀bẹ lè yọ sí òdìkejì fún kùmọ̀. Ẹ má ṣe yí ọ̀bẹ nínú igi bó bá há. Ẹ fi igi kékeré tó ṣe ṣóńṣó kan ojú ìlà náà kó là, kí ẹ tó yọ ọ́. Yíyí yẹn ló ń fọ́ ojú ọ̀bẹ jù.

Pípọ́n àti ìtọ́jú

Igun tó jẹ́ ìwọ̀n (degree) 20 níhà kọ̀ọ̀kan ló bá Kephart mu. Bí irin bá fẹ̀ ní mìlímítà 25, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò lórí òkúta tó bíi mìlímítà 7. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí òkúta 400 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni òkúta ṣe ń kúnná sí), títí ẹ ó fi fi àtàǹpàkò kan èékánná irin wẹ́wẹ́ tó yí sí ìhà kejì láti ìdí dé ṣóńṣó, kí ẹ tó yí i padà. Lẹ́yìn náà òkúta 1000, kí ẹ sì fi awọ nù ún. Ti Nessmuk yàtọ̀: bí ẹ bá dé ikùn rẹ̀, ẹ máa gbé èèkù sókè díẹ̀díẹ̀ bí òkúta ṣe ń lọ sí ṣóńṣó. Ẹni tó bá gbé e lọ gbọnrangandan á jẹ ikùn náà di títẹ́jú, ẹwà àti ìwúlò rẹ̀ á sì bá a lọ.

Irin kábónù ń dógùn-ún, ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátò sì ń tètè bà á jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi epo mineral tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn ra á. Òróró ìdáná máa ń dì bí gọ́ọ̀mù bó bá pẹ́. Ẹ má tọ́jú ọ̀bẹ sínú àkọ̀ awọ fún oṣù púpọ̀: awọ ń mú ọ̀rinrin mọ́ra, ohun tí wọ́n fi ṣe awọ sì ń jẹ irin.

Òfin ibi tí ẹ wà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ lè gbé kiri níta láì ní ìdí tó dájú bíi lílọ sí àgọ́ igbó tàbí ọdẹ. Ọ̀bẹ tó ń ká, tí kì í tì pa, tí ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 3 lọ nìkan ni ẹ lè gbé láì ní láti sọ ìdí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Texas níbi tí Jim Bowie kú sí, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ọ̀bẹ Bowie níta títí di 1 Oṣù Kẹsàn-án 2017; láti ọjọ́ náà àgbàlagbà lè gbé e, ṣùgbọ́n bí irin bá ju íǹṣì 5½ lọ, kò gbọ́dọ̀ wọ àwọn ibi bíi ilé-ìwé, ilé ẹjọ́ àti ilé ọtí. Kephart àti Nessmuk kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà, nínú àkọ̀, kí aṣọ sì wé e.